Gbòǹgbò Kọ́, Ìwà Ni: Àgbákò Apanilẹ́rìn-ín nínú Àlọ́ Ìjàpá

Kókó tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ohun tí ó ń mú kí àgbákò ẹ̀dá ìtàn pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, olúkúlùkù òṣèré a máa sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n dáìsì ni ó sábà máa ń pinnu bí yóò ti já sí. Akọni lè gbé idà sókè kí dáìsì sì já a kulẹ̀. Gbogbo ìjókòó a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi akọni náà kọ́.

Ìjàpá fẹ́ kí a gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tirẹ̀ rí. Nínú àlọ́ àpagbè tí ó gbajúmọ̀ nípa òun àti babaláwo, Yánníbo aya rẹ̀ ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ borí ìkìlọ̀. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì wú bí ti aboyún. Nígbà tí ó padà lọ bẹ babaláwo, orin ni ó fi rojọ́: ó ní gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú, tí ọwọ́ òun fi kan ọbẹ̀, tí ó sì kan ẹnu.

Gbòǹgbò ni dáìsì Ìjàpá. Apàlọ́ ti fi ọ̀kánjúà rẹ̀ hàn wá, síbẹ̀ àwa tí a ń gbe orin ni a ń bá a gbe àwáwí náà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín wa kò mọ sórí ikùn tí ó wú. A mọ irú àwáwí bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ara wa.

Nígbà tí mo pa àlọ́ yìí ní èdè Hausa fún àwọn ọmọdé àdúgbò kan ní Danmagaji, Zaria, wọ́n ní Gizo ni mò ń sọ, alántakùn olójúkòkòrò inú ìtàn tiwọn. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun. Àwa olùkọ́ ni a sábà máa ń sáré kọ “ẹ̀kọ́ inú ìtàn” sójú pátákó, bí ẹni pé iyọ̀ lásán ni ẹ̀rín jẹ́ nínú àlọ́. Lójú tèmi, ẹ̀rín náà ni ìdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gbe orin, tí kò sì rẹ́rìn-ín, kò tíì gbọ́ àlọ́ náà.