Dókítà Tí Kò Fi Ọrùn Nìkan Dájọ́

Ọmọ ọdún 3 gbóná janjan. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ wú, kò lè yí i, oúnjẹ kò ṣe é gbé mì. Wọ́n ya àwòrán ọrùn, wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ọ̀fun kún. Eéwo ni gbogbo èèyàn máa pè é, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò wọlé, ibà kò lọ. Wọ́n gún un, ọyún kò jáde.

Ibí yìí ni mo ti ń kan sáárá sí dókítà tó bá padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Á wo ojú: ó pọ́n, kò sì sí ipin. Ètè gbẹ, ó là. Ahọ́n pupa, ó rí kókó wínníwínní. Á wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá wọ́n wú. Á tún bi ìyá léèrè bóyá ara ọmọ ti sú rí lọ́sẹ̀ náà, torí àwọn àmì yìí lè má dé pọ̀. Òmíràn lè ti lọ kí èkejì tó yọjú.

Dókítà Tomisaku Kawasaki ló fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Red Cross ní Tokyo. Lọ́dún 1961, ó rí ọmọ ọdún 4 kan tí àìsàn rẹ̀ kò bá orúkọ kankan mu. Kò fipá sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ títí di 1967, tó tẹ ìròyìn àwọn ọmọ 50 jáde. Sùúrù yẹn mà pọ̀ o!

Àìsàn tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè, àìsàn Kawasaki, ni àwọn àmì ọmọ ọdún 3 yẹn ń tọ́ka sí. Òpójẹ̀ ọkàn ló máa ń bà jẹ́. Bí wọ́n bá tètè dá a mọ̀, tí wọ́n fa oògùn immunoglobulin sí ọmọ lára láàárín ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, pẹ̀lú aspirin tí dókítà bá kọ fún un, ewu yẹn á dínkù gan-an.