Santa Bárbara, Ọya àti Ṣàngó: Àyẹ̀wò Eré “O Pagador de Promessas”

Bí ẹnìkan láti Ìgbòho tàbí láti Ṣakí bá wọ ilé olórìṣà kan ní ìlú Havana ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí lórí pẹpẹ ni ère obìnrin òyìnbó kan. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó da aṣọ pupa bo èjìká, ó dé adé, ó mú idà lọ́wọ́, ilé-ìṣọ́ kékeré kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àlejò náà bá béèrè ẹni tí í ṣe, wọn yóò dá a lóhùn pé Santa Bárbara ni. Bí ó bá tún béèrè, wọn yóò ní Changó ni. Àlejò náà mọ Ṣàngó. Ọkọ Ọya ni Ṣàngó tí òun mọ̀, Aláàfin ni, ọkùnrin tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe wá di wúńdíá?

Ìtàn Bárbara gẹ́gẹ́ bí ìjọ Àgùdà ti ń pa á kò gùn. Dioscorus, baba rẹ̀, tí í ṣe abọ̀rìṣà, tì í mọ́ inú ilé-ìṣọ́ gíga kan. Nígbà tí baba náà lọ sí ìrìn-àjò, ọmọbìnrin yìí di onígbàgbọ́, ó sì ní kí àwọn mọlémọlé fi fèrèsé kẹta kún méjì tí baba rẹ̀ pàṣẹ, kí ó lè jẹ́ àmì Mẹ́talọ́kan. Inú bí baba náà, ó fà á lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì bẹ́ ẹ lórí. Kò tíì délé tí àrá fi sán pa á. Nítorí àrá yìí ni àwọn ológun tí ń yin àgbá, àwọn awakùsà àti àwọn panápaná ṣe fi Bárbara ṣe alábòójútó wọn. Ní ọdún 1969, nígbà tí Róòmù ń tún ètò ọdún àwọn ẹni mímọ́ ṣe, wọ́n yọ ọjọ́ rẹ̀ kúrò nínú ètò gbogbogbòò, nítorí pé ẹ̀rí tí ó dájú kò sí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ayé rí. Wọn kò ka bíbọlá fún un léèwọ̀, àwọn ará Cuba àti Brazil kò sì fi ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tú kókó ọ̀ràn yìí. Melville Herskovits kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1937, William Bascom kọ tirẹ̀ lórí Cuba ní 1950, Lydia Cabrera sì tẹ ìwé ńlá tirẹ̀, El Monte, jáde ní 1954. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ìbòjú ni: ẹrú bẹ̀rù olówó rẹ̀, ó fi ère ẹni mímọ́ bo òrìṣà rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ níwájú Bárbara nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ṣàngó. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Kò sọ ìdí tí ọmọ-ọmọ ẹrú náà, tí ẹnikẹ́ni kò lé mọ́, fi ń tan àbẹ́là fún ère kan náà. Kò sì sọ ìdí tí Celina González àti Reutilio Domínguez, ní òpin ẹ̀wádún 1940, fi lè gbé orin kan jáde lórí rédíò Cuba tí ó kí Bárbara àti Changó pọ̀ ní gbangba, tí orílẹ̀-èdè náà sì ń jó sí i. Ta ni a ń fi nǹkan pamọ́ fún nínú orin tí gbogbo ayé ń gbọ́?

Iṣẹ́ tí ó gbé ọ̀ràn yìí ka iwájú ayé ju ìwé ọ̀mọ̀wé èyíkéyìí lọ ni eré “O Pagador de Promessas”, tí Alfredo Dias Gomes, ọmọ bíbí Salvador ní Bahia, kọ. São Paulo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 1960. Anselmo Duarte sọ ọ́ di sinimá, sinimá náà sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Cannes ní 1962. Ní Brazil, ìyàwó ni ó gba Bárbara, kì í ṣe ọkọ: Iansã, èyí tí í ṣe Yánsàn-án, orúkọ mìíràn fún Ọya, ni wọ́n ń pè ní Santa Bárbara, wọ́n sì fi Ṣàngó fún Jerome Mímọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyàtọ̀ yìí ba nǹkan jẹ́. Inú agbo ilé kan náà ni àrá àti ìjì ń gbé. Ẹni tí ó bá wá àlejò wọ ilé náà lè bá ọkọ nílé, ó sì lè bá ìyàwó.

Zé-do-Burro, àgbẹ̀ kan láti ìgbèríko, ni ó ni eré náà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, Nicolau, fara gbọgbẹ́ nínú ìjì. Nígbà tí gbogbo ìtọ́jú kò gbà, Zé lọ sí ilé òrìṣà Iansã, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ẹranko náà bá yè, òun yóò pín ilẹ̀ òun fún àwọn tí kò ní, òun yóò sì ru àgbélébùú tí ó wúwo bí ti Jésù láti oko òun dé ṣọ́ọ̀ṣì Santa Bárbara ní Salvador. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yè. Zé pín ilẹ̀, ó ru igi, ó rìn, ó dé ẹnu àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí ọjọ́ ọdún ẹni mímọ́ náà gan-an. Padre Olavo, àlùfáà ibẹ̀, gbọ́ ìtàn rẹ̀ títí dé ibi tí a ti dárúkọ Iansã. Láti ibẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni Zé jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn náà. Oníṣẹ́ ìwé-ìròyìn sọ ọ́ di olóṣèlú tí ń jà fún pípín ilẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ kan gba ìyàwó rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá dé, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn tí ń ta capoeira ní ojúde náà tẹ́ òkú rẹ̀ sórí àgbélébùú, wọ́n gbé e, wọ́n sì bá a wọlé.

A lè tú orúkọ eré náà sí “Ẹni tí ń San Ẹ̀jẹ́”. Èdè Yorùbá kò ní wá ọ̀rọ̀ kiri kí ó tó tú u, nítorí pé jíjẹ́ ni à ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, sísan ni à sì ń san án, gẹ́gẹ́ bí ẹni san gbèsè. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òǹwòran Cannes ti kọjá láì bojú wẹ̀yìn ni òǹkàwé Yorùbá yóò ti dúró. Ojúbọ tí a ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni a ti ń san án. Ẹni tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọya kì í fa ewúrẹ́ ọpẹ́ lọ sí ìdí Ọ̀ṣun. Ilé Ọya ni Zé ti jẹ gbèsè, ilé Bárbara ni ó sì ru owó lọ. Ìbéèrè tí ó gba gbogbo eré náà ni bóyá Bárbara yóò gbà. Bóyá Ọya gbà kò di ohun tí ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Níbí ni àlébù iṣẹ́ Dias Gomes wà. Ó fẹ́ràn Zé, ó sì mọ bí a ti ń fi ẹnu àwọn alágbára han ara wọn, ṣùgbọ́n òrìṣà tí ó gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ là kò ní agbẹjọ́rò kankan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo tó ti àlùfáà. Ọya dá ọ̀ràn sílẹ̀, kò sì wí nǹkan kan.

Ní oṣù Keje ọdún 1983 ni àwọn agbẹjọ́rò náà tó sọ̀rọ̀. Ìpàdé àgbáyé lórí àṣà àti ìsìn òrìṣà, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981, lọ sí Salvador. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìyálórìṣà ńlá Bahia, tí Menininha ti Gantois àti Stella ti Opô Afonjá wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé kan tí ó kọ pípa òrìṣà pọ̀ mọ́ ẹni mímọ́ sílẹ̀. Iansã, ni wọ́n wí, kì í ṣe Santa Bárbara. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Gbólóhùn tí Padre Olavo fi ti ilẹ̀kùn ní 1960 ni àwọn ìyá wọ̀nyí fi ṣí tiwọn ní 1983. Ẹnu yàtọ̀ sí ẹnu: ọ̀kan ń lé àlejò, èkejì ń sọ pé ilé tiwọn tó ilé. A kò lè fi ọ̀rọ̀ kejì gbè fún ti àkọ́kọ́ láì ṣe àbòsí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá sọ gbólóhùn náà létí Zé, àárẹ̀ yóò mú un. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó ń sọ nígbà tí ó ní Iansã ni Bárbara. Gbèsè ni ó ń sọ. Nínú ìgbésí ayé rẹ̀, ẹni kan ni ó ṣe é lóore, ẹni náà sì ní orúkọ méjì, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ní.

Ọ̀rọ̀ ìbòjú kù. Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí a ti wò ó, nítorí pé inú ọ̀dàn yìí, lápá Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí, ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, láti agbègbè yìí sì ni ogun ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sí etí òkun nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tú. J. Lorand Matory ṣe ìwádìí ní Ìgbòho, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Sex and the Empire That Is No More, jáde ní 1994. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti rí ọdún Ṣàngó ní àdúgbò náà. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ìbáà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, a máa dirun bí obìnrin, a máa wọ aṣọ obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òrìṣà ni ó ń gùn ún. Bí Ṣàngó bá sì gùn ún tán, ẹni tí ó bá ń wo òde yóò rí irun dídì àti yẹ̀rì. Ẹni tí ó bá mọ̀ yóò rí Aláàfin. Ẹni tí ó ti wo èyí láti kékeré kò ní í ta gìrì nígbà tí ó bá rí Ṣàngó nínú aṣọ wúńdíá, tí ó mú idà. Ìtàn kan tilẹ̀ wà lẹ́nu àwọn olórìṣà Cuba pé nígbà tí ọ̀tá yí Ṣàngó ká, Ọya ni ó bọ́ aṣọ tirẹ̀ fún un, tí ó gé irun orí ara rẹ̀ fún un, tí Ṣàngó sì fi ìrísí ìyàwó rẹ̀ kọjá láàrin wọn. Kò sí òyìnbó kankan nínú ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ “ìbòjú” pàápàá nílò àtúnyẹ̀wò. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré eégún fún un: eégún kan di òjòlá, òmíràn sì di òyìnbó funfun, tí àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tí ó wọ ẹ̀kú òyìnbó yìí kò sá pamọ́ fún òyìnbó. Ó ń fi òyìnbó hàn bí ó ti rí lójú Ọ̀yọ́, lójú òyìnbó náà gan-an. Aṣọ eégún a máa bo ènìyàn, ṣùgbọ́n ará ọ̀run ni ó ń gbé jáde. Àwọn tí irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lára wọn ni wọ́n kó dé Cuba. Bí wọ́n bá fi ère Bárbara ṣe nǹkan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀kú ni wọ́n fi í ṣe ju pé kí wọ́n fi í ṣe ibi ìsápamọ́ lọ. Àwọn tí ń pe èyí ní ẹ̀tàn ti fi ojú ọlọ́pàá wo ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ojú òǹwòran wò.

Nílé, irú ìsopọ̀ yìí kò gbèrú. Ìsẹ́yìn di ìlú Mùsùlùmí, ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ṣakí, ìjọ yìí kì í sì í gbàdúrà sí ẹni mímọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, àwọn “ènìyàn mímọ́” tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí ni gbogbo onígbàgbọ́ tí ó wà ní ìlú kan. Ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì Dáfídì Mímọ́ wà ní Kúdẹtì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bẹ Dáfídì fún òjò. Àwọn Àgùdà, tí orúkọ wọn pàápàá ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó padà dé láti Brazil wá, gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ, Bándélé ọmọ Àrẹ̀ògún àti Làmídì Fákẹ́yẹ tí í ṣe Mùsùlùmí wà lára wọn, wọ́n sì gbẹ́ Màríà àti àwọn amòye ìlà-oòrùn bí ìyálóde àti ọba Yorùbá. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Màríà nìkan ni Màríà níbẹ̀. Kò gba òrìṣà kankan sílé. Ṣàngó ní ìlú tirẹ̀, ó ní bàtá tirẹ̀, kò ní ìdí tí yóò fi wọ̀ sílé ẹlòmíràn.

Ohun kan kù nínú eré Dias Gomes tí ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Obìnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà, Minha Tia ni wọ́n ń pè é, tí ó gbé àtẹ acarajé kalẹ̀. Àkàrà ni, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì yí padà púpọ̀. Ní Bahia, oúnjẹ Ọya ni. Àwọn èrò ọdún Bárbara ń rà á, wọ́n ń jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní títì lẹ́yìn wọn.