Ẹ Má Lóṣòó Ti Oore

Lójú ìwé yìí, a máa ń yẹ ìwé tàbí orin wò, ká sọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí. Lọ́tẹ̀ yìí, fídíò ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: irú èyí tí àwọn ìjọ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pín oúnjẹ fún àwọn opó, tí wọ́n á sì gbé e sórí Facebook àti YouTube kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ ó ti rí i rí, torí bákan náà ni gbogbo wọn. Dùùrù á kọ́kọ́ máa dún jẹ́jẹ́. Kámẹ́rà á rọra gba orí àwọn àpò ìrẹsì àti gálọ́ọ̀nù òróró kọjá. Opó kan á wá bọ́ síwájú. Wọ́n á gbé àpò lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ò ní tíì jọ̀wọ́ ẹ̀. Gbogbo wọn á di etí àpò mú, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà. Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ sọ bó ṣe rí lára yín.” Kámẹ́rà á sún mọ́ ojú wọn títí omijé á fi jáde. Ibẹ̀ ni fídíò náà máa ń pẹ́ sí jù.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀. Orúkọ àti oyè ẹni tó fúnni á wà níbẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ti ìyá ńkọ́? “Ọ̀kan nínú àwọn opó.” Ojú wọn là ń lò, a ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ wọn.

Lọ́dún tó kọjá, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìjọ kan níhìn-ín ní Kàdúná. Ẹ mọ̀ pé àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló bí ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ Àríwá yìí, àwọn náà ló sì gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbí. Ẹni tó wà lájò kì í fẹ́ kí ilé gbọ́ pé nǹkan ò rọgbọ. Kí ìrẹsì ọ̀hún tó tán, fídíò ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá náà pè wọ́n: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ebi ń pa yín tó báyìí ni, ẹ ò sọ fún wa?” Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní pólì rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti yọ ojú ìyá òun níbi tí wọ́n ti ń sunkún, wọ́n fi ṣe sítíkà lórí WhatsApp. Láti ọjọ́ náà, ìyá ò wá síbi ìpín oúnjẹ mọ́. Ebi ò sì tíì kúrò nílé wọn.

Èmi tí mò ń kọ èyí wà lára àwọn tó fi fídíò náà ránṣẹ́ káàkiri. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Mi ò sọ pé fídíò burú o. Mount Zion Faith Ministries, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, fi fídíò wàásù dé ilé tí pásítọ̀ kankan ò lè wọ̀. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣeré mọ̀ pé eré lòun ń ṣe, oníwàásù náà sì mọ̀ pé ayé ń wo òun. Ìyá yìí, ìrẹsì ni wọ́n wá gbà.

Àwọn kan á ní, “Ẹni tó fowó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tá a fi ṣe.” Òótọ́ ni. Ẹ kó rìsíìtì wá sí ìpàdé ìjọ, ẹ ka iye àpò tá a rà àti iye ilé tó dé. Omijé kì í ṣe rìsíìtì.

Ẹ jẹ́ ká tún ro ti owó. Lára ohun tí YouTube máa ń wò kó tó pín èèyàn lówó ìpolówó ni pé kó ní ẹni 1,000 tó ń tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Ẹkún sì máa ń dá èèyàn dúró wòran. Bí omijé opó bá wà lára wákàtí wọ̀nyẹn, ta ló wá ṣe ta lóore?

Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, gbà pé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni wá, ẹni náà sì lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé rárá nígbà tí àpò ò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́? Bó bá sì gba ìyọ̀ǹda padà, ta ló máa kó fídíò kúrò nínú fóònù gbogbo ayé? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nínú Mátíù orí 6, Olúwa wa kìlọ̀ nípa àwọn tó ń fun fèrè bí wọ́n bá ń ṣe ìtọrẹ àánú. Fèrè ìgbà náà ò lè dún kọjá àdúgbò. Tiwa ń dún dé ìlú òkèèrè. Ẹ tún wo Dọ́káàsì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Àwọn opó fúnra wọn ló mú aṣọ tó rán jáde, tí wọ́n fi han Pétérù, lẹ́yìn tó ti kú. Ẹni tó gba oore ló jẹ́rìí. Olóore ò sí níbẹ̀ tó ń di etí aṣọ mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń mú kámẹ́rà, ọdún ń bọ̀. Ẹ ya àwọn àpò, ẹ ya ọwọ́ tó ń wọn ìrẹsì, ẹ fi ojú àwọn ìyá sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ jẹ́rìí, kó jẹ́ lẹ́yìn tí oúnjẹ ti délé, kó sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ tètè jọ̀wọ́ àpò.

Àwọn baba wa ní bí a bá ṣoore, ká má lóṣòó tì í. Kí Olúwa kọ́ wa bí a ṣe ń dìde kúrò níbẹ̀. Àmín.