Láàrin Awo àti Àwòrán: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Pierre Fátúnmbí Verger

Ìfáàrà

Àwòrán lè fi ìrísí ènìyàn hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ohùn rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán olórìṣà tí ó ń jó lójú agbo yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ àti aṣọ funfun tí ó ró, ṣùgbọ́n kò ní í gbọ́ oríkì tí ó mú un jó. Irú àlàfo yìí ni ó wà láàrin iṣẹ́ méjì tí Pierre Verger fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe: àwòrán yíyà àti ìwé kíkọ lórí òrìṣà. Èrò tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé kalẹ̀ ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ni ó sọ Verger di olókìkí, ibi tí ó ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá dúró ní èdè Yorùbá ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ.

Ìgbésí ayé Verger ní ṣókí

Ìlú Paris ni a bí Verger sí ní ọdún 1902. Ní ọdún 1932, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán, tí ó sì ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní ọdún 1946 ó gúnlẹ̀ sí ìlú Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, níbi tí ó ti bá àwọn àrọ́mọdọ́mọ ẹrú tí ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun pàdé. Ní ọdún 1948, IFAN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àwọn Faransé ní Dakar, ràn án lọ́wọ́ láti wá wo orísun ẹ̀sìn náà ní Áfíríkà. Nígbà tí ó kó àwòrán rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Dandan yìí ni ó sọ ayàwòrán di òǹkọ̀wé.

Ní ọdún 1952, òun ni ó gbé lẹ́tà oyè Ìyá Nàsó láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Ọ̀yọ́ lọ fún Mãe Senhora, ìyálórìṣà ilé Òpó Àfọ̀njá ní Salvador. Ní ọdún 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá ní ìlú Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sorbonne ní ọdún 1966, ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì kú ní Salvador ní ọdún 1996.

Àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Nínú ìwé Dieux d'Afrique (1954), Verger kó àwòrán àwọn olórìṣà ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Bahia pọ̀ sójú kan. Ìtò yìí fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ó ń sọ pé òkun kò já okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀. Ìjọra ni ojú máa ń tètè rí. Kò rọrùn fún un láti rí ìyà àti ìyípadà tí ó wà láàrin ìjọra náà. Ìwé Flux et reflux (1968) ni ó dí àlàfo yìí. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé òwò ẹrú láàrin etíkun wa àti Bahia láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkọkàndínlógún, ipa tí tábà Bahia kó nínú òwò náà, àti bí àwọn Àgùdà ṣe padà wálé. Ohun tí àwòrán kò lè wí ni ìwé wí.

Ewé àti ọfọ̀

Ìwé Ewé (1995) ni ó fi èyí hàn jù lọ. Àkójọ oògùn tí ó lé ní 400 ni ó wà nínú rẹ̀, ní èdè Yorùbá àti Potogí. Verger ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú ọfọ̀ sábà máa ń jọ ìró kan nínú orúkọ ewé tí a lò. Gbégbé ń pe "gbé". Tẹ̀tẹ̀ ń pe "tẹ̀". Olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn yóò rí i pé ìfọ̀rọ̀dárà nìyí, àti pé ó ń ran babaláwo lọ́wọ́ láti rántí. Bí a bá yọ Yorùbá kúrò tí a fi Potogí nìkan sílẹ̀, ewé yóò ṣì wà, iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ yóò ti já.

Ọ̀rọ̀ awo

Àwọn kan lè bi í pé, ṣé Verger kò tú awo? Ìbéèrè náà tọ́, pàápàá nítorí pé òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọgbọ́n orí Faransé kò jẹ́ kí òrìṣà gùn òun. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ inú ìwé kò rí bí ọfọ̀ ẹnu ẹni tí ó ní àṣẹ. Gbèsè tí ó wúwo jù ni ti ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Orúkọ Verger ni ó wà lẹ́yìn ìwé Ewé, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn babaláwo ni ìmọ̀ inú rẹ̀ ti jáde. Bí a bá ń yin akọ̀wé, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé apohùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwòrán Verger tí ó lé ní 60,000 wà ní ìpamọ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1988. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lò wọ́n nínú kíláàsì kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán. Kí ó fi àwòrán han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì rán wọn lọ bá àwọn àgbà àdúgbò wọn láti gba oríkì òrìṣà náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i. Verger fi ojú bẹ̀rẹ̀, ó fi etí parí. Ọ̀nà etí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá tọ̀.