Àwọ̀ àti Èròjà nínú Àdìrẹ Òṣogbo: Àyẹ̀wò Ìlò Rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé

1. Ìfáárà

Aró kì í ṣe àjèjì sí orúkọ Òṣogbo. Oríkì ìlú náà pàápàá kò ṣàì mẹ́nu bà á. Láti ìgbà tí Mbárí Mbáyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, àti pàápàá láti 1983 tí Nike Davies dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà, ni àdìrẹ ti ń ti ara ìró bọ́ sí ojú fèrèsé, orí ibùsùn àti ara ògiri. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn lámèyítọ́ ń sọ nípa rẹ̀ kò kọjá ìtumọ̀ àpẹẹrẹ: èwo ni Olókun, èwo ni Ìbàdàndùn, kí ni òpó Mápó ń ṣe láàárín aṣọ. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdajì iṣẹ́ ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Nínú àdìrẹ, èròjà ni ó ń bí àwọ̀. Ẹni tí ó bá yọ èròjà kúrò, tí ó wá ń yin àwọ̀, aṣọ mìíràn ni ó ń yìn.

2. Bí Èròjà Ṣe Ń Bí Àwọ̀

Ewé èlú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá kí ó gbẹ. Inú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Kíkan yìí ṣe kókó, nítorí pé àwọ̀ inú èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò a máa rí bí ewé tútù. Atẹ́gùn tí ó bá fẹ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ di aró. Bí ó bá ṣe wọ ìkòkò léraléra tó ni yóò ṣe dúdú tó.

Ohun tí a fi dá aró dúró tún ní ipa tirẹ̀. Ìko di aṣọ pinpin, nítorí náà ibi tí ó dì máa ń funfun, ó sì máa ń hàn lójú méjèèjì. Láfún tí a fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára ẹlẹ́kọ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀: aró ń yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, àpẹẹrẹ á wá mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run, ẹ̀yìn aṣọ náà yóò sì dúdú lásán. Ti àbẹ́là a máa funfun, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ á sì hàn níbi tí àbẹ́là ti sán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan inú ilé gan-an. Kọ́tìnnì ní ojú méjì, ẹni inú ilé ń rí ọ̀kan, ẹni ìta ń rí èkejì. Oníko ló yẹ ẹ́. Ògiri àti ibùsùn kò fi ẹ̀yìn hàn. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́kọ ti ń gbayì. Èlú kì í wọ inú òwú tán, ara òwú ni ó ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá fi í bo àga, yóò máa pa mọ́ aṣọ funfun ẹni tí ó jókòó. Àbùdá rẹ̀ nìyẹn. Oníṣẹ́ ọnà tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò pè é ní àbùkù.

3. Ìbéèrè lórí Ọ̀rọ̀ Àbáláyé

Àwọn kan yóò sọ pé ojútùú ni kí gbogbo aláró padà sí àbáláyé. Ìtàn kò fara mọ́ èyí pátápátá. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró àtọwọ́dá. Nígbà tí òun àti kọ́sítíìkì sódà dé Abẹ́òkúta, Aláké Adémọ́lá Kejì fẹ́ fi òfin dè wọ́n. Ní 1936, púpọ̀ nínú àwọn aláró fúnra wọn ló kọ̀, nítorí pé èròjà tuntun náà ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Aṣọ tí wọ́n ń kọ ẹlẹ́kọ sí pàápàá, aṣọ òyìnbó tí ó jọ̀lọ̀ ni. Irú ọjà òyìnbó bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà gbé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san án.

Nítorí náà, pípẹ́ láyé nìkan kò tó òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tí ó dára jù ni ohun tí ìkòkò fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Pàǹtí èlú a máa jẹrà. Omi kọ́sítíìkì sódà tí a dà sí gọ́tà a máa jó ewéko àti ọwọ́ aláró. Ṣùgbọ́n èlú náà ní gbèsè tirẹ̀: igi ni a ń sun kí eérú tó wà. Ibi yìí ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti lè wúlò lọ́nà mìíràn. Ní Ẹ̀sà-Òkè àti àwọn ìlú olóko kòkó yòókù, èèpo kòkó ń ṣẹ́kù lóko, eérú rẹ̀ ni a sì fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ó yẹ kí a dán an wò fún aró kí a tó gé igi mìíràn.

4. Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀gá Méjì

Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní 2009, fi láfún àti àbẹ́là sọ ìtàn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá. Kò fi agbára mú èròjà. Bí aró ṣe ń yọ́ ni ọ̀nà rẹ̀ ń tẹ̀. Nike ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ láti mú kí ayé mọ àdìrẹ, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Nígbà tí ó bá fi ọ̀dà kun àpẹẹrẹ àdìrẹ sórí kánfáàsì, àwòrán tí ó rẹwà ni, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ti dá lọ láìsí aró. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà, kò ní ọgbọ́n ọnà tirẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan náà ni ó gbà wọlé: wọ́n ti kọ́ oníbàárà láti máa wo àpẹẹrẹ nìkan.

5. Àgbálọgbábọ̀

Bí lámèyítọ́ bá ń wo àpẹẹrẹ láì wo ìkòkò, òun náà ń bá ẹ̀rọ polówó ọjà. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn aláró, láti orí ewé dé orí eérú, ni ó sì ń ṣòfò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣíwájú nínú àyẹ̀wò àdìrẹ inú ilé ni: kí ni a fi rẹ ẹ́, níbo sì ni omi rẹ̀ ṣàn lọ?