ÌMÙLẸ̀ ỌBA ÀTI ÌLÚ: IPÒ Ẹ̀SÌN NÍNÚ ÌJỌBA GẸ́GẸ́ BÍ Ó ṢE HÀN NÍNÚ ṢAWOROIDẸ

Láti ìgbà tí eré Ṣaworoidẹ ti jáde ní ọdún 1999, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ lámèyítọ́ ń gbà tú u. Wọ́n ní ìtàn ìjọba ológun ni. Wọ́n ní àwọn agégẹdú tí wọ́n ń kó igi inú igbó Jogbo lọ dúró fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wa epo rọ̀bì, pé Lágàtà dúró fún àwọn sọ́jà, pé Lápité sì dúró fún àwọn olóṣèlú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn fún sọ́jà. A kò lè sọ pé irọ́ ni. Ọdún tí eré náà jáde gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, kò sì sí òǹwòran tí kò ní mọ ibi tí òǹkọ̀wé ń nàka sí. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ti fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìbúra ni ó gbé àhunpọ̀ ìtàn náà ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ yọ ìmùlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìtàn kankan ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni iṣẹ́ tí ẹ̀sìn ń ṣe nínú ìṣèjọba Jogbo. Lẹ́yìn èyí ni a ó bèèrè bóyá ìdáhùn tí Ìṣọ̀lá fún wa tó, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nítorí ẹ̀sìn lọ́pọ̀ ìgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìwé ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní orúkọ kan náà ní ọdún 2008 lè lo ohun tí a sọ níhìn-ín fún un, nítorí ìmùlẹ̀ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì.

Kí ni ìmùlẹ̀ náà? Àwọn tí wọ́n tẹ Jogbo dó bá ọba wọn mulẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan mẹ́ta ṣe ẹ̀rí rẹ̀: adé idẹ, àdó, àti ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́. Ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú àdó kí ó tó dé adé. Bí ẹni tí kò sín gbẹ́rẹ́ bá dé adé náà, tí a sì lu ṣaworoidẹ sí i létí, orí yóò fọ́ ọ, yóò sì kú. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí bí òǹkọ̀wé ti hun àwọn àmì yìí. Idẹ ni ó wà ní orí ọba, idẹ náà ni ó wà ní etí ìlù. Ohun tí ó wà lórí alágbára ni ó wà lọ́wọ́ onílù, tí kò ní ju ọ̀pá ìlù lọ. Ohùn ọ̀kan sì ń pe ìkejì. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí idẹ jẹ́ láàrin Yorùbá yóò rántí pé idẹ ni àwọn Ògbóni fi ń rọ ẹdan, Ògbóni sì ni ó ń dúró láàrin ọba àti ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ìṣọ̀lá kò dárúkọ Ògbóni, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ó dárúkọ wọn. Síbẹ̀, inú àpò àṣà yẹn ni ó ti fa àmì rẹ̀ yọ.

Ìwà Lápité ni ó yẹ kí á dúró lé lórí jù lọ nínú ìfìwàwẹ̀dá. Àwọn kan ti pè é ní aláìgbàgbọ́, ẹni tí kò ka ìṣẹ̀ṣe sí. Èrò wa yàtọ̀ sí tiwọn. Bí Lápité bá jẹ́ aláìgbàgbọ́, ì bá ti sín gbẹ́rẹ́ náà, ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí jalè ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ó mú un kọ̀ ni pé ó gbà gbọ́. Ó mọ̀ pé gbẹ́rẹ́ yóò mú òun bí òun bá kówó ìlú jẹ, owó ìlú sì ni ó tìtorí rẹ̀ wá sórí oyè. Ọkùnrin yìí bẹ̀rù ìbúra ju bí àwọn ìjòyè rẹ̀ ti bẹ̀rù lọ, ìbẹ̀rù náà ni ó sì sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ibi yìí ni ẹ̀fẹ̀ Ìṣọ̀lá ti mú jù, nítorí ó dójú kọ gbogbo wa. Àfikún keje nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni a kọ ìbúra ààrẹ, gómìnà àti àwọn aṣòfin sí, orúkọ Ọlọ́run sì ni a fi parí wọn. Àwọn tí ń búra a máa gbé Bíbélì tàbí Kùránì lọ́wọ́. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn sá fún ìwé náà bí Lápité ti sá fún abẹ. Ta ni ó gbà gbọ́ jù nínú wọn? Olùkọ́ tí ó bá gbé ìbéèrè yìí síwájú kíláásì rẹ̀ yóò gbádùn ìdáhùn tí yóò gbọ́.

Láti inú èyí ni a ti lè rí ohun tí a kà sí kókó iṣẹ́ náà. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀sìn lè gbà wọ inú ìjọba. Ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí okùn tí ìlú fi de ọba. Ó sì lè wọlé gẹ́gẹ́ bí okùn tí ọba fi ń de ìlú. Ti àkọ́kọ́ ni Jogbo ní. Kò sí ibì kankan nínú ìmùlẹ̀ náà tí a ti sọ irú aṣọ tí obìnrin yóò wọ̀ tàbí ohun tí tálákà kò gbọdọ̀ mu. Ẹyọ ènìyàn kan ni òfin náà mú, ẹni náà sì ni ó lágbára jù ní ìlú.

Ó bọ́ sí àkókò pé ọdún 1999 yìí kan náà, ní oṣù Kẹwàá, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara kéde pé òfin Ṣàríà yóò mú ọ̀ràn ọ̀daràn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2000, ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn ní Àríwá sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Kí á má ṣe purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù tí wọ́n tú jáde láti yọ̀ ní ọjọ́ náà rò pé okùn tí yóò de àwọn olówó àti aláṣẹ ni ó dé. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gé lọ́wọ́ ní Zamfara, ní oṣù Kẹta ọdún 2000, màlúù ni ó jí. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n rí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ta òfin yìí àti àwọn tí wọ́n rí ara wọn gẹ́gẹ́ bí olùgbèjà rẹ̀ fi kọlu ara wọn ní Kàdúná, ní oṣù Kejì ọdún náà àti ní oṣù Karùn-ún, tí ilé ìjọsìn ti ìhà méjèèjì jóná, tí òkú ènìyàn sì sùn lọ ní ìgboro. Kí onígbàgbọ́ má ṣe rò pé ọ̀ràn ẹnìkejì nìkan ni a ń sọ. Abala kẹwàá ìwé òfin ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba, síbẹ̀ ìjọba ní àjọ tí ń bójú tó ìrìn-àjò sí Mẹ́kà, ó sì ní òmíràn fún Jerúsálẹ́mù. Owó tí yóò gbẹ́ kànga ni ó ń bá ọkọ̀ òfurufú lọ. Àwọn ìjòyè Jogbo ì bá fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀.

Níbi tí a ti dé yìí ni àléébù iṣẹ́ Ìṣọ̀lá ti hàn sí wa, a kò sì rò pé ó yẹ kí á fi ọ̀wọ̀ tí a ní fún un bò ó mọ́lẹ̀. Ìmùlẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní Jogbo. Kò sí ibi tí àhunpọ̀ ìtàn náà ti yí padà nítorí pé ìgbàgbọ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Gbogbo ìlú, olè àti olóòótọ́, ni ó gbà pé ṣaworoidẹ lè pa ènìyàn. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ìbúra ti rọrùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, agboolé kan lè ní mùsùlùmí, ọmọ ìjọ àti aláwo, kí wọ́n sì jọ jẹ iyán Àjíǹde àti ẹran Iléyá. Èyí ì bá ti fún òǹkọ̀wé ní ohun púpọ̀ láti fi ṣeré, ó sì dùn wá pé kò mú un lò. Ní òde, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Maitatsine dìde ní Kánò ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ka òkú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án (4,177). Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ. Kùránì kan náà ni ẹni tí ó pa àti ẹni tí a pa ń kà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1987, èdèkòyédè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kafanchan ràn dé Kàdúná àti Zaria. Ní irú ilẹ̀ báyìí, àdó ta ni a ó fi sín ọba ní gbẹ́rẹ́? Ìlù ta ni a ó lù? Ṣaworoidẹ kò bèèrè.

Ìbéèrè kejì tí kò bèèrè tún wúwo sí i: bí ìlù bá ń ṣọ́ ọba, ta ni ń ṣọ́ onílù? Ìdílé Àyángalú ni ó ni ìlù náà, òǹkọ̀wé sì ti fi ìwà rere wọ̀ wọ́n débi pé kò sí ẹni tí yóò fura sí wọn. Ẹni tí ó bá ti ka Baṣọ̀run Gáà, eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ ní ìmùlẹ̀ tirẹ̀. Baṣọ̀run ni ó ń bá Aláàfin ṣe ọ̀ràn Ọ̀run lọ́dọọdún, òun ni ó sì lè kéde pé ìlú, ilẹ̀ àti òrìṣà ti kọ ọba. Ohun tí a ṣe láti fi dáàbò bo ará ìlú ni Gáà sọ di idà. Aláàfin lẹ́yìn Aláàfin lọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ikú Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún, ni ó sì fi ohun tí a ń wí hàn kedere jù. Ẹranko ni ètùtù Gáà ń béèrè; nítorí pé orúkọ ọmọ ọba bá ti ẹranko náà mu, ó mú ọmọ náà pa. Ẹ wo bí Fálétí ti lo ìfọ̀rọ̀ṣeré níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ ara wọn lásán ni, ṣùgbọ́n ní ẹnu ẹni tí ó ní àṣẹ ẹ̀sìn àti àṣẹ ìjọba pọ̀, ìjọra ọ̀rọ̀ ti tó láti pa ènìyàn. A kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ ọ́ lédè Yorùbá tí ó ju èyí lọ nípa bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ mímọ́ ṣe ìkà. Bí a bá gbé eré méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Fálétí ni ó rí ewu náà jìnnà jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìṣọ̀lá ni ó dùn-ún wò jù.

Kí á tó fi Ìṣọ̀lá sílẹ̀, ó yẹ kí á rántí pé ó padà sí Jogbo nínú Agogo Èèwọ̀ ní ọdún 2002. Nínú rẹ̀ ni Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ti jọba, tí ìbúra sì kúrò ní ti ọba nìkan: àwọn ìjòyè pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú agogo. Ìtẹ̀síwájú ni èyí jẹ́ nínú ìrònú rẹ̀, nítorí ó ti rí i pé okùn tí ó mú ọba tí kò mú ìjòyè, okùn lásán ni. Ìlànà náà kò yí padà ṣá. Ikú àìrí ni ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ adájọ́, àwọn alágàbàgebè sì ń ṣubú láìsí ẹni tí ó jókòó ka ìwé ìṣírò owó wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi léèrè nínú ìdánwò pé kí ó jíròrò ipa ìṣẹ̀ṣe nínú Ṣaworoidẹ kò gbọdọ̀ ka orúkọ àdó, adé àti ìlù kí ó sì dúró. Kí ó wo Baba Ọ̀pálábá pẹ̀lú, ẹni tí Fálétí fúnra rẹ̀ ṣe nínú fíìmù náà. Àgbà yìí kò di oyè mú, kò sì ní agbára àdó tàbí ti ìlù. Òwe ni ó ń pa kiri, tí àwọn tí ó wà lórí oyè sì ń fi í ṣẹ̀rín nígbà mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ìdí tí òǹkọ̀wé fi nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ìlù rẹ̀ lè pa ọba. Kí ó sì ṣàkíyèsí pé ṣaworoidẹ kò dá dún rí ní gbogbo ìtàn náà: ní gbogbo ọdún tí Lápité fi wà lórí ìtẹ́ láìbúra, tí ìlù náà wà ní ibi ìpamọ́ nígbèkùn, orí kò fọ́ ọ. Ó dìgbà tí ọwọ́ ènìyàn bá mú ọ̀pá.