Ìfarapamọ́ Láàrin Ọ̀tá: Mọremí ní Ààfin Ugbò

Ohun kan náà ni ó máa ń hàn nínú ìdáhùn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí ìbéèrè lórí ìtàn Mọremí: wọn a sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn a yin obìnrin náà ní akọni, wọn a sì pa kálámù dé. Ìtàn sísọ nìyẹn, kì í ṣe ìlámèyítọ́. Ibi tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò tẹjú mọ́ ni ibi tí a ti borí ogun náà ní ti gidi. Kì í ṣe ìgboro Ifẹ̀. Ààfin ọ̀tá ni.

Àwọn ará Ugbò, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Ìgbò (wọn kì í ṣe àwọn Ìgbò apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àṣìṣe tí ó ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olùṣèdánwò), a máa ya wọ Ifẹ̀ nínú aṣọ ìko àti koríko ẹkan. Àwọn ará ìlú gbà pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọn a sì sá fún wọn. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ọba wọn sì fi í ṣe aya. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n. Ó sá padà sílé. Nígbà tí wọ́n tún dé, ògùṣọ̀ ni Ifẹ̀ fi pàdé wọn.

Ìpara-dà méjì ni ó dojú kọ ara wọn nínú ìtàn yìí, èyí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í kíyè sí. Ti àwọn ará Ugbò wà lára. Nítorí náà ni iná fi lè jó o. Ti Mọremí kò sí lára. Ojú rẹ̀ àti ẹwà rẹ̀ wà ní gbangba, wọ́n tilẹ̀ ni ó gbé e dé ipò olorì. Ète rẹ̀ nìkan ni ó fi pamọ́. Èdè Yorùbá pàápàá ya oríṣi ìfarapamọ́ sọ́tọ̀: ẹni tí ó sá pamọ́, ẹ̀rù ni ó ń bà á; ẹni tí ó lúgọ ń ṣọ́ nǹkan; ẹni tí ó ba ní ibùba ń dúró de ọ̀tá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kájú ọ̀rọ̀ Mọremí. Amí ni, ṣùgbọ́n amí tí ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú ẹni tí ó wá ṣe amí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìtàn yìí ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà kò ní láti wá àfiwé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òkè ni ó yí wọn ká. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà láti Bídà ń kó Àkókó lẹ́rú, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni ààbò wà. Ọdún 1897 ni Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bídà. Òkè gba ẹ̀mí là, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sá gun òkè fi ọjọ́ ìjà àti ibi ìjà sílẹ̀ fún ọ̀tá láti yàn. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí láti orí àpáta nìkan ni ó lè mọ̀. Mọremí ṣe òdì kejì èyí: ó fi ààbò sílẹ̀ kí ó lè ní ìmọ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé òwe wa ka iwájú ìtàn náà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Yorùbá kò fẹ́ràn ẹni tí ó jẹun lọ́dọ̀ ẹni tí ó sì ṣeni. Lójú ọba Ugbò, kí ni Mọremí bí kò ṣe kòkòrò ìdí ẹ̀fọ́? Ohun tí kò jẹ́ kí a pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ni pé ẹnu Ifẹ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn náà. Nínú ìwé Aeneid tí Virgil, akéwì ará Róòmù, kọ, Aeneas ọmọ Troy ni ó ń sọ bí àwọn Gíríìkì ṣe fara pamọ́ sínú ẹṣin onígi wọ ìlú wọn. Nítorí náà, ìwà àrékérekè ni ọgbọ́n náà jọ. Àwọn ará Ugbò tí ó wà ní etí òkun ní Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà tí Àkókó wà, gbà pé àwọn baba ńlá wọn ni ó ni Ilé-Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Bí a bá fi ojú tiwọn wò ó, àwọn alásọ ìko kì í ṣe ọlọ́ṣà. Onílé tí ó ń padà wá gba ilé ni wọ́n. Olùṣèdánwò kò ní láti fara mọ́ èrò yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò mẹ́nu bà á kò pé.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀. Àwọn kan a máa kọ́ ikú Olúorogbo bí àfikún tí ó bani nínú jẹ́ lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, Mọremí fi ẹran lóríṣiríṣi bọ odò, odò kò gbà á. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó béèrè. Ó fi irọ́ gba ọ̀kan ọba kan. Òdodo ni wọ́n ní kí ó fi san án, kò sì yẹ ẹ̀jẹ́. Bí a bá yọ Ẹsìnmìrìn kúrò, ìtàn ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni yóò kù, irú èyí tí Ìjàpá ń ṣe nínú àlọ́. Àwọn ará Ifẹ̀ ní àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé, èyí sì fi hàn pé wọ́n mọ ohun tí ó ná an.

Dúró Ládipọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré orí ìtàgé ní àwọn ọdún 1960. Ní 2016, wọ́n ṣí ère Mọremí tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ní Ilé-Ifẹ̀. Ògùṣọ̀ ni wọ́n fi sí ère náà lọ́wọ́. Ohun tí ojú ń rí ni ère lè gbé dúró, kò sì ṣeé dá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibi tí ó le jù nínú ìtàn ni àwọn ọjọ́ tí Mọremí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, tí ó ń kí ọba ní òwúrọ̀, tí ó sì ń dákẹ́. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí ìbéèrè ìdánwò ti máa wá. Nínú bí a ti ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní, a kì í gbọ́ ohun tí ọba Ugbò sọ ní òwúrọ̀ tí ó jí tí kò bá olorì rẹ̀ nílé.